Franklin Onísọ́ọ̀bù: Oníṣòwò tó Ń Fi Orúkọ Ara Ẹ̀ Pamọ́ Kí Iṣẹ́ Ìlú Lè Yọrí

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tí ò ráyè wá sípàdé ló ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ tí mo sọ síbí, ó ti dé o.

Tí wọ́n bá ti dárúkọ Benjamin Franklin, mànàmáná àti ìwé òmìnira Amẹ́ríkà ti 1776 ló máa ń wá sọ́kàn èèyàn. Èmi ò bá tìyẹn wá. Franklin onísọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ ká wò, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣí ilé ìtẹ̀wé sí Philadelphia ní 1728 nígbà tí ìlú yẹn ṣì kéré, tó ń tẹ̀wé, tó ń ta bébà, yíǹkì àti ọṣẹ, tí gbèsè sì wà lọ́rùn ẹ̀. Nǹkan le débi pé wọ́n fẹ́ gba gbogbo irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àfi ìgbà táwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì yá a lówó. Tó bá ra bébà, òun fúnra ẹ̀ ló máa fi báró tì í gba ìgboro kọjá, kí gbogbo ayé lè rí i pé iṣẹ́ òun ò ti òun lójú. Deborah ìyàwó ẹ̀ ló ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń ká ìwé tó ń rán an pọ̀, òun náà ló ń ra àkísà aṣọ ọ̀gbọ̀ jọ fáwọn tó ń ṣe bébà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé obìnrin yìí, torí tí ò bá sẹ́ni tó ń bá èèyàn wo ọjà, ta ló fẹ́ ráyè sáré tìlú?

Ní 1731 ó fẹ́ kí wọ́n dá láíbìrì sílẹ̀, kéèyàn 50 dá ṣílè 40 kí wọ́n sì máa san ṣílè 10 lọ́dọọdún. Bó ṣe ń gbé bébà táwọn èèyàn máa fọwọ́ sí kiri, ó rí i pé ojú àwọn kan ń le, wọ́n ń rò ó pé ṣé kóun nìkan lè gbayì ni. Ó yáa fara pa mọ́. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ kan ló ní in lọ́kàn, wọ́n kàn rán òun ni, bọ́rọ̀ ṣe rọ̀ nìyẹn. Èmi ò rí ọgbọ́n tó jùyẹn lọ nínú iṣẹ́ ìlú, torí àìmọye nǹkan rere ló ti bàjẹ́ lórí ta ló ni ín.

Ní 1736 òun àtàwọn kan kó ẹgbẹ́ pánápaná jọ, kò sẹ́ni tí wọ́n ń sanwó fún, kálukú ní garawa aláwọ àti báàgì tí wọ́n á fi kó ẹrù jáde nínú ilé tó ń jó, ẹni tí ò bá wá sípàdé á san fáìnì, fáìnì ọ̀hún ni wọ́n sì fi ń ra àkàbà àtàwọn irinṣẹ́ míì. Ti títì tó dọ̀tí wá ńkọ́? Ó rí tálákà kan tó múra síṣẹ́, tó lè máa gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún sísì kan, ìyẹn pẹ́nì mẹ́fà, lóṣù lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ ìwé kékeré sílé gbogbo wọn, ó ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ ò ní máa kó ẹrẹ̀ wọlé, pé oníbàárà á ráyè dé ṣọ́ọ̀bù, eruku ò sì ní bo ọjà mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì ló wá lọ gbàdéhùn, gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ohun tó ń dun ọlọ́jà nìyẹn.

Èrò ọsibítù tiẹ̀ kọ́ ni, ti Dókítà Thomas Bond ni, àmọ́ gbogbo ibi tí dókítà bá lọ, ohun tí wọ́n ń bi í ni pé ṣé o ti bá Franklin sọ ọ́. Ní 1751 Franklin ní kí ìjọba fi 2,000 pọ́n-ùn sílẹ̀ tí aráàlú bá kọ́kọ́ dá 2,000. Àwọn aṣòfin tí ò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ náà fọwọ́ sí i, torí wọ́n rò pé owó táráàlú máa dá ò lè pé láé. Ó pé, ó tún lé.

Àbààwọ́n wà o, mi ò ní bò ó. Ó ní ẹrú, ó sì ń tẹ ìpolówó ẹrú nínú ìwé ìròyìn ẹ̀. Ọdún 1787 ló tó di ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń jà pé kí wọ́n fòpin sí òwò yẹn, ó pẹ́ jù lójú tèmi.

Ó kú ní 1790. Nínú ìwé ìhágún ẹ̀, ó fi 1,000 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún Philadelphia, ó fi iye kan náà fún Boston níbi tí wọ́n bí i sí, kí wọ́n máa yá àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí ó ní àwọn ọ̀rẹ́ méjì ló yá òun lówó tóun fi dèèyàn. Nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni wọ́n tó pín owó náà tán.