Irú Ìrẹsì Méjì Nínú Oko Kan: Bí Àgbẹ̀ Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú Ṣe Lè Fi Dín Àrùn Kù

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ẹ̀pẹ́, Ìtòíkín àti Ìkòròdú, ẹ kú àpéjọ. N kò wá kọ́ yín ní àgbìnpọ̀, nítorí pé láti ayé àwọn baba wa ni àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ti jọ ń gbé orí ebè kan. Èyí tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí yàtọ̀ díẹ̀: ìrẹsì pẹ̀lú ìrẹsì ni, irú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú oko kan náà, kí àrùn tí wọ́n ń pè ní blast má baà ráyè ba oko jẹ́.

Olóko ìrẹsì lè mọ àrùn náà kí ó má mọ orúkọ rẹ̀. Àmì rẹ̀ lórí ewé máa ń ṣe ṣóńṣó lókè àti nísàlẹ̀, àárín rẹ̀ a máa ní àwọ̀ eérú, etí rẹ̀ a sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Èyí tí ó burú jù ni ti ọrùn ṣírí, tí ọrùn náà yóò dúdú, tí yóò kán, tí ṣírí yóò sì funfun láìní ọmọ nínú. Ẹbí olú ni ohun tí ń fà á. Ojú lásán kò lè rí irúgbìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e kiri, orí ewé tí omi pẹ́ lára rẹ̀ ni ó sì ti ń hù. Ilẹ̀ àbàtà wa tí ó súnmọ́ ọ̀sà kò sì ṣaláìní ìrì.

Ẹ̀yà àrùn yìí pọ̀, ẹ̀yà kan kì í sì í lè mú gbogbo irú ìrẹsì. Bí irú kan ṣoṣo bá gba gbogbo oko, ibikíbi tí afẹ́fẹ́ bá sọ irúgbìn àrùn sí, oúnjẹ ni ó bá. Ṣùgbọ́n bí ìlà irú tí ó lágbára bá wà láàárín, orí ewé tí kò gbà á ni púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò bà sí, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí.

Ní agbègbè Yunnan ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, Youyong Zhu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní gbangba oko àwọn àgbẹ̀, kì í ṣe nínú yàrá ìwádìí. Hẹ́kítà 812 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ó sì di 3,342 ní 1999. Ìrẹsì alálẹ̀mọ́, tí ó ń pa owó ju èkejì lọ ṣùgbọ́n tí àrùn máa ń bá fínra, ni wọ́n gbìn ní ìlà kan sáàárín ìlà mélòó kan ti irú tí ó lágbára. Ìwọ̀n àrùn lára alálẹ̀mọ́ yìí fi ìdá 94 nínú 100 kéré sí ti èyí tí wọ́n dá gbìn, ìkórè rẹ̀ sì fi ìdá 89 nínú 100 ju tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ọdún kejì fi parí, wọn kò fín oògùn blast mọ́. Ó tún ṣẹlẹ̀ pé alálẹ̀mọ́ ga ju èkejì lọ, orí rẹ̀ yọ sókè gba oòrùn àti atẹ́gùn, omi kò sì pẹ́ lára rẹ̀. Mo rò pé àǹfààní yìí tó ìdajì ọgbọ́n náà, bí àwọn ènìyàn kò tilẹ̀ kà á sí.

Níhìn-ín ńkọ́? Ẹ má da irúgbìn méjèèjì pọ̀ sínú àpò kan. Ìlà-ìlà ni kí ẹ gbìn ín, kí ẹ fi okùn àti èèkàn ṣàmì sí i. Ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú: irú tí ó fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ kò lè bá irú ìrẹsì àbàtà bíi FARO 44 gbé inú àbàtà. Kí èyí tí ẹ pè ní alágbára sì jẹ́ alágbára ní tòótọ́ sí àrùn tí ó wà ní àdúgbò yín. Ẹ bi òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtà nìkan gbọ́.

Ìkórè ni mo rí i pé yóò fa àríyànjiyàn. Ọwọ́ ni àwọn ará Yunnan fi ń kórè, nítorí náà ó rọrùn fún wọn láti kó irú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ ńlá kórè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ọmọ ìrẹsì gígùn àti kúkúrú bá sì dàpọ̀ dé ibi ìlọ̀, irú bí ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Ìmọ̀tà, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò fọ́, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Àgbẹ̀ olóko kékeré tí ń fi dòjé kórè ni mo dábàá èyí fún, igun oko kan ni kí ó sì kọ́kọ́ fi dán an wò, kí ó dá irú kan ṣoṣo gbìn sí igun mìíràn, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ wé ewé méjèèjì nígbà tí ṣírí bá yọ.