"Santosh": Fíìmù Ọ̀daràn Íńdíà Tó Pín Òǹwòran Sí Méjì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bí ẹ bá wà lára àwa tí fíìmù Íńdíà tọ́ dàgbà, tí ẹ ń retí orin àti ijó láàárín òdòdó, ẹ mú ọkàn kúrò níbẹ̀ lónìí. Nínú "Santosh", kò sẹ́ni tó ráyè ijó.

Sandhya Suri, ọmọ Íńdíà tó jẹ́ ará Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀. Àwòrán kan ló bí i. Lọ́dún 2012, àwọn ọkùnrin kan fipá bá ọmọbìnrin kan lò nínú bọ́ọ̀sì ní Delhi, ọmọ náà sì kú. Àwọn obìnrin tú síta. Nínú àwòrán ìwọ́de wọn, Suri rí ọlọ́pàábìnrin kan tó dúró kò wọ́n lójú, tí ojú rẹ̀ ò ṣeé kà.

Nínú fíìmù, Santosh kò pinnu láti ṣe ọlọ́pàá. Ọkọ rẹ̀, kọ́ńsítébù, kú sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àna ò fẹ́ ẹ nílé mọ́. Ìjọba Íńdíà ní ètò tí ẹbí òṣìṣẹ́ tó kú fi lè rí iṣẹ́ gbà, bí opó ṣe wọ kakí nìyẹn. Kò pẹ́ tí bàbá kan wá fẹjọ́ sùn pé òun ò rí ọmọbìnrin òun. Dalit ni, ìran tí ètò ìpele Híńdù tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Ọlọ́pàá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tó yá, inú kànga ni wọ́n ti rí òkú ọmọ náà.

"Ó ti falẹ̀ jù!" Ẹ ó gbọ́ ìyẹn lẹ́nu àwọn kan. Ó lé ní wákàtí méjì lóòótọ́, ẹni tó bá sì jókòó de apànìyàn nìkan máa hanrun. Èmi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni kakí yẹn ń wọ Santosh lára, nínú ìrìn rẹ̀, nínú ohùn rẹ̀. Ká ní fíìmù náà sáré, a ò bá má rí i.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jù gan-an, ará Íńdíà, kò rí i wò ní sinimá. Lọ́dún 2025, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò níbẹ̀ ní kí wọ́n gé ibi tó kan ìwà ipá ọlọ́pàá, ìkórìíra Mùsùlùmí àti ìfojú-tẹ́ńbẹ́lú obìnrin. Suri ní bí òun bá gé gbogbo ẹ̀, kò ní nítumọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gbà á láyè tẹ́lẹ̀ láti ya á níbẹ̀ o! Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi í sílẹ̀ fún Oscar, ó sì wọ àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ṣà.

Orí ìńsípẹ́kítọ̀ Sharma, ọlọ́pàábìnrin tó jẹ́ ọ̀gá Santosh, ni àríyànjiyàn ti wá gbóná. Sunita Rajwar, tí wọ́n mọ̀ sí eré apanilẹ́rìn-ín, ló ṣe é. Àwọn kan ní ẹ̀gbọ́n gidi ni: òun ló fa Santosh lọ́wọ́ sókè láàárín àwọn ọkùnrin. Àwọn mìíràn ní òun ló bà á jẹ́. Lójú tèmi, ọwọ́ kan náà ló fi ṣe méjèèjì.

Bí ẹ bá dé yàrá tí wọ́n ti ń lu Saleem, ọmọ Mùsùlùmí tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ẹ má wo Saleem nìkan. Ẹ wo ọwọ́ Santosh.