Káńtì Tí Èèyàn 64 Ń Gbé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Houston lórí máàpù jẹjẹrẹ Amẹ́ríkà nìyí. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè wá. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò yọ ẹ̀fẹ̀ mi kúrò.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n fi jọ̀lọ́ọ̀fù tàn wá síbí, mo kí yín o. Ogójì ìṣẹ́jú ni alága fún mi. Mo mọ ara mi, mo sì ti bẹ̀ wọ́n pé bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ káńtì Loving, kí wọ́n má wo aago.

Àwòrán kan ti ń kiri lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa láti oṣù tó kọjá. Máàpù Amẹ́ríkà ni. Wọ́n kun àwọn káńtì kan ní pupa, wọ́n kun àwọn mìíràn ní àwọ̀ ewé, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ilé síbi tó pupa, jẹjẹrẹ ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò ní dárúkọ wọn. Ìlà kejì ni wọ́n jókòó sí, wọ́n sì ti ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà inú máàpù yẹn kì í ṣe ayédèrú, ìjọba ló kó o jọ. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ni mo bá wíjọ́ lónìí.

Káńtì fún àwọn ará ibí dà bí ìjọba ìbílẹ̀ fún wa nílé. Nàìjíríà ní 774. Amẹ́ríkà ní èyí tó lé ní 3,000, Texas nìkan sì ní 254. Àmọ́ ọmọ ìyá kan kọ́ ni wọ́n. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2020, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n kà ní Harris tí a wà yìí. Ní Loving, tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Texas kan náà, èèyàn 64 ni wọ́n kà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Ìsọmọlórúkọ tí a lọ ní Sátidé tó kọjá, èrò ibẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ò sì tíì ka àwọn onílù.

Bí a bá fẹ́ fi ibì kan wé ibòmíràn, a kì í ka orí lásán. Iye àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ lára wọn láàárín ọdún kan là ń kọ sókè, iye àwọn tó ń gbé ibẹ̀ là ń kọ sísàlẹ̀, a ó wá sọ ọ́ di ti èèyàn 100,000. Ọ̀kẹ́ márùn-ún gééré nìyẹn lẹ́nu àwọn baba wa. Àwọn Amẹ́ríkà ń ka ọ̀kẹ́, wọn ò mọ̀ ni. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, bí a bá pa gbogbo oríṣi jẹjẹrẹ pọ̀, ó máa ń tó nǹkan bí 440 sí 450 lọ́dún.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wakọ̀ lọ sí Loving. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ fi 64 pín 1, ẹ sọ ọ́ di ti 100,000: 1,562. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta ti Amẹ́ríkà lọ! Ẹ kùn ún ní pupa, kí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ká ní lọ́dún tó ń bọ̀, wọn kò rí i lára ẹnikẹ́ni. Òdo. Ẹ kùn ún ní àwọ̀ ewé, kí wọ́n máa wá ra ilẹ̀ níbẹ̀. Omi tí wọ́n ń mu kò yí padà, afẹ́fẹ́ wọn kò yí padà, ẹnì kan ló kàn ṣe àìsàn.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní àpẹẹrẹ kan tó ti gbó lẹ́nu wọn, ó sì ti ń gbó lẹ́nu tèmi náà. Wọ́n ya máàpù jẹjẹrẹ kíndìnrín. Wọ́n ní kí ẹ wo àwọn káńtì tí ìwọ̀n rẹ̀ ti kéré jù lọ. Ìgbèríko ló pọ̀ jù nínú wọn, ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ní gúúsù, ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó rí i á ní, ẹ ò rí nǹkan: afẹ́fẹ́ tó mọ́, ẹ̀fọ́ tó ti oko wá. Wọ́n á wá ní ó yá, ẹ wo ibi tó ti pọ̀ jù lọ. Ìgbèríko náà ni, ní àgbègbè kan náà! Ẹni kan náà á tún lanu: òṣì ni, dókítà jìnnà, sìgá pọ̀. Ẹnu wa kì í ṣaláìrí àlàyé. Káńtì kéékèèké ló kún òkè, àwọn náà ló kún ìsàlẹ̀, nítorí pé ẹnì kan tàbí ẹni méjì tó láti gbé wọn fò.

Ẹ rántí èyí kí ẹ gbàgbé ìyókù: ẹnikẹ́ni tó bá fi máàpù hàn yín, ẹ bi í léèrè nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí State Cancer Profiles, níbi tí ìjọba ti ń gbé iye káńtì kọ̀ọ̀kan síta, wọ́n sábà máa ń pa ọdún márùn-ún pọ̀. Bí àwọn tí wọ́n rí nínú káńtì kan kò bá tó 16, wọn kì í kọ iye kankan síwájú rẹ̀. Wọ́n sì tún ń bo àṣírí. Níbi tí èèyàn 64 wà, bí o bá ní "ọkùnrin ẹni 70 ọdún, jẹjẹrẹ ilé ìtọ̀", gbogbo ìlú ti mọ ilé tí wọn yóò gbé ọbẹ̀ lọ.

(Níbí ni alága ti fi ìka lu aago wọn. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ti lọ.)

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló kàn. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ sókè ni jẹjẹrẹ ń pọ̀ sí i. Ní káńtì Sumter ní Florida, níbi tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì kó ara wọn jọ sí, ó ju ìdajì àwọn ará ibẹ̀ tó ti lé ní ọdún 65. Ní káńtì Utah ní ìpínlẹ̀ Utah, níbi tí yunifásítì ńlá wà tí wọ́n sì ń bímọ dáadáa, ìdajì wọn kò tíì pé 30. Bí a bá fi méjèèjì wéra báyẹn, ìyà ni a fi jẹ Sumter. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra gàrí lọ́jà rí, ẹ mọ ìyá tó fi òkúta gbá ìdí kóńgò wọnú kó tó wọn ọjà fún yín. Kí ẹnikẹ́ni má baà gbá ìdí kóńgò wọnú, kóńgò kan ni wọ́n fi ń wọn gbogbo káńtì: wọ́n á wo ìwọ̀n jẹjẹrẹ ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá ṣírò iye tí ìbá jẹ́ ká ní ọjọ́ orí àwọn ará ibẹ̀ pín bí ti gbogbo Amẹ́ríkà ṣe pín ní ọdún 2000. Máàpù tí wọn kò bá fi kóńgò yẹn wọ̀n, máàpù ibi tí àwọn àgbà ń gbé ni.

Ẹ má wá lọ sọ pé mo ní máàpù kò wúlò. Ní 1975, National Cancer Institute, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, gbé ìwé máàpù kan jáde tó fi ikú jẹjẹrẹ hàn ní káńtì káńtì láti 1950 dé 1969. Ogún ọdún tí wọ́n pa pọ̀ mú nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tóbi, àwọ̀ tó pọ́n níbẹ̀ sì nídìí. Ní káńtì Salem ní New Jersey, jẹjẹrẹ ilé ìtọ̀ ń pa àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Iléeṣẹ́ kẹ́míkà ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá ṣiṣẹ́. Ní etí òkun Georgia, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀. Àwọn olùwádìí lọ ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń béèrè iṣẹ́ tí olúkúlùkù ṣe láyé àtijọ́, wọ́n sì bá a pé ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ọ̀pọ̀ wọn ti fa eruku asbestos símú. Ogun ti parí láti 1945, eruku rẹ̀ ṣì wà láyà wọn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn obìnrin ìgbèríko gúúsù ìlà-oòrùn, tí jẹjẹrẹ ẹnu ń pa. Àwọn kan ti fẹ́ di ẹ̀bi ru ilé tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní North Carolina, tó jáde ní 1981, fi hàn pé aṣáà ni. Obìnrin tó ń fi aṣáà sẹ́nu, bí kò tilẹ̀ fa sìgá rí, ewu tirẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tí kò lo èyíkéyìí. Ìyá ìyá mi kì í lọ sóko láìmú ìdérí aṣáà wọn dání. Nígbà tí mo ka ìwé yẹn, mo kọ́kọ́ pa á dé ná.

Mo fẹ́ sáré sọ ti àwọn tó ń wá àìsàn kiri, nítorí ohun tí a bá wá là ń rí. Káńtì Marin, òdìkejì afárá Golden Gate sí San Francisco, ibùdó olówó ni. Fún ìgbà pípẹ́ ni jẹjẹrẹ ọyàn pọ̀ níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń wá májèlé inú omi. Àwọn obìnrin tó kàwé púpọ̀ ni wọ́n, wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó bímọ, wọ́n ń lo oògùn họ́mọ́ọ̀nù nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, wọ́n sì ń ya fọ́tò ọyàn déédéé. Ní 2002, ìwádìí ńlá kan fi hàn pé oògùn họ́mọ́ọ̀nù yẹn ń fa jẹjẹrẹ ọyàn. Àwọn obìnrin jù ú nù. Ní 2003, iye náà já wálẹ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà, Marin náà sì bá a wálẹ̀.

Ti próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ ilé ìtọ̀, tún le ju ìyẹn lọ. Nígbà tí PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ rẹ̀, dé, iye gòkè lọ fíofío, ó dé ṣóńṣó ní 1992. Ní 2012, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn ní kí wọ́n yé ṣe é fún gbogbo ọkùnrin, iye náà wálẹ̀. Láti bí 2014 ó tún ti ń gòkè. Káńtì tó bá ní dókítà púpọ̀ á rí púpọ̀. Àwọn ọkùnrin dúdú, ìwọ̀n tiwọn fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ju ti aláwọ̀ funfun lọ, ikú rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì...

Ibi tí mo dé nìyẹn tí ìyá kan fi nawọ́. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ jẹ́ n parí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ò ní parí, nítorí o ti ń sọ 'dúdú, dúdú'. Lọ́jọ́ tí wọ́n rí i lára ọkọ mi, akọ̀wé wojú wọn, ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà. Kò bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti bí wọn. Èwo ni bàbá nínú nọ́ńbà tí ò ń kà sílẹ̀ yìí?"

Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Mo pa kọ̀ǹpútà mi dé.

Mo ní: Mà, bàbá wà nínú rẹ̀, wọn kò sì sí nínú rẹ̀. Wọ́n kà wọ́n mọ́ "Black" ní káńtì Harris. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó dé ní 1995, ẹni tí wọ́n kó baba ńlá rẹ̀ wá ṣẹrú lóko òwú Texas, ọmọ Jàmáíkà tó wá kàwé, gbogbo wọn di nọ́ńbà kan. Àyè wà fún ìlú ìbí nínú ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń ṣófo, nítorí pé ẹni tó ń gba orúkọ kò béèrè, aláìsàn tí ìrora ń bá jà kò sì ní yọ̀ǹda ìtàn ara rẹ̀.

Ìyá yìí là mí lójú. Láti àárọ̀ ni mo ti ń pariwo nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa níbí, ìsàlẹ̀ kọ́ ló sọnù. Ìjọba Amẹ́ríkà ń béèrè ìlú ìbí nínú ìwádìí tó ń ṣe lọ́dọọdún, a lè fojú díwọ̀n iye ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Harris. Nọ́ńbà òkè ni kò sí. Ẹ wá wo ilé. Láti 1960 ni wọ́n ti ń kọ jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ìṣirò wọn sì wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ka jẹjẹrẹ káàkiri àgbáyé, tó jáde ní 1966. Níbẹ̀, òkè wà. Ìsàlẹ̀ wá ńkọ́? Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2006 ni. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti lè dìbò. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi próstéètì ọkùnrin Ìbàdàn wé ti ọkùnrin Houston, òkè ló mú ní ìlú kan, ìsàlẹ̀ ló mú ní èkejì. Wọn kì í sì í ṣe PSA káàkiri ní Ìbàdàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí.

Ìyá béèrè pé kí ni kí àwọn ṣe. Mo ní bí wọ́n bá fún yín ní fọ́ọ̀mù, bí wọn ò tilẹ̀ béèrè, ẹ ní kí wọ́n kọ Nàìjíríà. Kí àwọn bàbá tó ti pé 45 náà bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ PSA. Kí wọ́n má dúró de ìgbà tí a bá ka nọ́ńbà wa pé.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo fo àwòrán mọ́kànlá. Àwọn ìyókù rèé, wàràwàrà. Bí wọ́n bá kọ "kò yí padà" síwájú káńtì kékeré, ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà kò tó láti mọ̀ bóyá ó yí padà. Ìpínlẹ̀ Kentucky ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti pọ̀ jù, ìpínlẹ̀ Utah ló ti kéré jù. Sìgá ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìjọ Mormon tó pọ̀ ní Utah kò sì fàyè gbà á. Iye 2020 já wálẹ̀ nítorí Kòrónà ti ilẹ̀kùn àyẹ̀wò, ẹ má fi ọdún yẹn fa ìlà. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ń pọ̀ sí i lára àwọn tí kò tíì pé 50, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ ní 45 láti 2021.

A ti ń pín oúnjẹ nígbà tí ẹni ìlà kejì wá bá mi. Wọ́n ní, "Ṣé kí n ra ilé ní Loving àbí kí n má rà á?" Mo ní bí ẹ bá kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta lọ, ẹ ti sọ ìlú náà di 69. Ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo yẹn á ti já láti 1,562 sí 1,449 kí ẹ tó tú ẹrù tán.