Ẹ Jẹ́ Kó Sùn

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni lónìí, kò sí àlejò. Ọ̀rọ̀ Màmá àgbà ni. Wọ́n ti lọ, mo sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́sí. Ti ìsìnkú, ta ló ra aṣọ, ta ló bínú, ẹ jẹ́ ká fò ó. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí.

Fóònù ni mo fẹ́ sọ.

Aago márùn-ún ìdájí tiwọn ni Màmá máa ń pè mí. Ní Kánádà níbí, aago méjìlá òru nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ò ní mọ́ kí n tó bọ́ sọ́nà ibi iṣẹ́. Àdúrà ni wọ́n fẹ́ gbà fún mi. Mo máa ń dojú fóònù bolẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó tẹ ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ kẹ́yìn lórí WhatsApp. Wọ́n kọrin, wọ́n ka Sáàmù 121, wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n pe orúkọ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ẹ gbà mí o! Bí ẹní ń lé ẹ̀mí àìmọ́ ni wọ́n ṣe pe orúkọ ọkùnrin yẹn! Wọ́n ṣe àmín. Àmọ́ wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á, ni mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé: "Kò gbé e. Ẹ jẹ́ kó sùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Hmm.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ti Ẹni tí kì í tòògbé fún mi tán ni o. Àdúrà yẹn kò pa mí lẹ́kún. "Ó ti rẹ̀ ẹ́" yẹn ni. Mo ti rò pé mò ń tàn wọ́n jẹ ni.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń sọ báyìí pé, "O ti ń sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Ṣebí àwọn ìyá ìjọ yìí, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń gbé, ta ló ń tọ́jú ọmọ?" Ẹ dákẹ́ ná! Èmi ni ọmọ yẹn, mo wà níbẹ̀. Áńgẹ́lì kẹ̀? Ọdún mẹ́rin ni Màmá fi bá àbúrò wọn yodì nítorí ìwé orin tó yá tí kò dá padà. Bí àlejò bá jókòó sáyè wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Wọ́n á dúró tì í, wọ́n á máa kọrin sí i létí títí á fi sún. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ mi ní ìwé kíkà? Àwọn náà ni. Wọ́n á fìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ nínú Bíbélì, wọ́n á ní, "Pè é." Tí mo bá ṣi ohùn rẹ̀ pè, ọwọ́ mi á gbóná.

Bíbélì Yorùbá yẹn, 1884 ló pé lódindi, Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ló ṣíwájú iṣẹ́ náà, ẹ ti mọ ìyẹn. Màmá kì í sọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Ti ìyá Àjàyí ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n kó ọmọ náà lẹ́rú ní 1821, 1846 ni ìyá tó tún fojú kàn án, l'Abẹ́òkúta. Nígbà tí ìyá ṣe ìrìbọmi ní 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́, torí òun ni ìyá Sámúẹ́lì. Ibi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn ni Màmá máa ń dúró sí. Wọ́n á wá rọra ní, "Kò sì sí fóònù nígbà yẹn o."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín! Mo rò pé ìtàn ni.

Kí ló dé tí n ò lọ sin wọ́n? Ìwé ìgbélùú ni. Ẹni tó bá ń retí ìwé mọ ohun tí mo wí.

Lẹ́yìn "ó ti rẹ̀ ẹ́," ohùn yẹn ò tíì tán. Wọ́n dìde, ẹ ó gbọ́ bàtà ilé wọn, ṣá, ṣá, ṣá, lọ sídìí ilẹ̀kùn, kí ẹnìkan tó pa á. Àbúrò mi ní kí n gé ìparí yẹn kúrò, kí n tọ́jú àdúrà nìkan.

Kí n gé kí ni kúrò?