Ìlù Kì í Ṣe Ìlú: Ọ̀rọ̀ Owó Oṣù Wa ní Láíbúrárì

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará wa. Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí, lẹ́yìn láíbúrárì wa níbí ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, ẹ má bínú. Sọ́ńdè ni, aago kan ọ̀sán la máa ń ṣílẹ̀kùn.

Àbúrò kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Èkó lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti gbà mí fún másítà nínú iṣẹ́ láíbúrárì. Ṣé kí n máa bọ̀? Ṣé owó wà níbẹ̀?" Mi ò tíì dá a lóhùn. Màmá mi náà máa ń bi mí láti Ìbàdàn, àmọ́ tiwọn le jù: "Ìwé tí o ń tò sórí pẹpẹ yẹn náà ni òyìnbó ń sanwó fún?" Wọ́n ń sanwó fún un, Màmá. Iye tí wọ́n ń san ni ọ̀rọ̀ wà.

Másítà kan ti wà lọ́wọ́ mi láti Yunifásítì Ìbàdàn kí lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà tó gbé mi wá. Mo kọ̀wé wá iṣẹ́, wọ́n ní másítà tí ALA, ẹgbẹ́ àwọn láíbúrárì Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ni àwọn ń fẹ́. Ibòmíì máa ń gbé ìwé ẹ̀rí wa yẹ̀ wò, kí wọ́n sì gbà á. Ibi tí mo lọ kò gbà. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ nídìí káńtà, owó wákàtí ni mo ń gbà. Ẹni tó bá wọlé wá yá ìwé kò lè mọ ìyàtọ̀ o. Gbogbo ẹni tó bá ti wà lẹ́yìn káńtà, láíbúréríánì ni wọ́n ń pè é. Ìwé owó oṣù nìkan ló mọ ẹni tó jẹ́ láíbúréríánì. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tún másítà yẹn ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lálaalẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, owó tí mo yá lọ́wọ́ ìjọba ni mo sì fi ṣe é. Ohun tí mo ti gbọ́ ní Ìbàdàn ni mo tún ń fi dọ́là gbọ́.

Ìjọba ibí máa ń ka iye tí òṣìṣẹ́ ń gbà. Ní oṣù Karùn-ún 2024, bí ẹ bá to gbogbo láíbúréríánì Amẹ́ríkà láti orí ẹni tí owó ẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tiẹ̀ pọ̀ jù, ẹni tó bọ́ sí àárín ń gba 64,000 dọ́là ó lé díẹ̀ lọ́dún. Ẹ má tíì fi náírà ṣírò ẹ̀. Owó orí kò tíì kúrò níbẹ̀, owó ilé náà kò tíì kúrò, ẹ sì bi ẹni tó ń gbé nítòsí Washington léèrè iye tí yàrá méjì jẹ́.

Kí ló dé tí iṣẹ́ tó ń bèèrè másítà kò fi san jù báyìí lọ? Mo ní èrò tèmi. Ní 1887, Melvil Dewey, ọkùnrin tó gbé ètò nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to ìwé ní láíbúrárì kalẹ̀, dá ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Columbia, ní New York. Nínú 20 akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, 17 jẹ́ obìnrin. Àwọn aláṣẹ Columbia kò fẹ́ obìnrin nínú ọgbà wọn, nígbà tó di 1889, Dewey kó ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ sí Albany. Iṣẹ́ obìnrin ni wọ́n pè é, owó obìnrin ni wọ́n sì dá lé e. Kì í kúkú ṣe pé mo ń yin Dewey o. Ìwà burúkú tó hù sí àwọn obìnrin wà lára ohun tó jẹ́ kí ALA yọ orúkọ ẹ̀ kúrò lára àmì ẹ̀yẹ wọn ní 2019.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ ní láíbúrárì yunifásítì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Páálí ìwé Yorùbá mẹ́ta wà lábẹ́ tábìlì níbẹ̀, eruku ti bò wọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wọ́n kò gbọ́ Yorùbá, kò sì fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀. Ìwé kan wà níbẹ̀ lórí ìlù: dùndún, bàtá, gángan. I-l-u ló tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó wo ìwé atúmọ̀ èdè, ìlú ló rí, ló bá kó ìwé onílù sí àárín ìtàn àwọn ìlú. Ẹni tó bá ń wá bàtá kò lè rí i láéláé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń fi àmì sí i, mò ń kó àwọn ìwé èdè sábẹ́ PL8821, nọ́ńbà tí Library of Congress, láíbúrárì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fún èdè wa. Oṣù mẹ́rin ni, mi ò sì gbé iṣẹ́ tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Mo bèèrè bóyá nǹkan máa gun orí owó mi. Ọ̀gá fún mi ní káàdì ìdúpẹ́ àti káàdì kọfí 25 dọ́là. Èmi kì í mu kọfí.

Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló dáa díẹ̀ lágbègbè wa. Ní 2024, ẹni tó bá wọlé ní GS-9, ipele kan nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, nítòsí Washington ń bẹ̀rẹ̀ láti bí 68,000 dọ́là lọ́dún. Mo ti ń to ìwé mi jọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 2025, Ààrẹ Trump ní kí wọ́n dá ìgbanisíṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ dúró. Ní oṣù Kẹta, ó pàṣẹ kí wọ́n gé IMLS, àjọ tó ń pín owó fún láíbúrárì, títí dé ibi tí òfin bá gbà. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n fi í-meèlì yọ Carla Hayden, obìnrin àkọ́kọ́ àti aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó darí Library of Congress, ẹni tó ti darí láíbúrárì Baltimore fún ogún ọdún ó lé. Í-meèlì o! Mo ká ìwé mi, mo dá a padà sínú fáìlì.

Àbúrò mi, bí o bá gbọ́ eléyìí kí ohùn mi tó dé, kọ́kọ́ wo kóòdù tí yunifásítì yẹn fi forúkọ kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀. Bí ó bá wà lábẹ́ STEM, ìyẹn àwọn kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò, ọdún kan tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé lè di mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì láíbúrárì kò sí níbẹ̀, àwọn kan tí wọ́n ń pè ní information science wà níbẹ̀. Bí wọn ò bá fún ẹ níṣẹ́ nínú ọgbà tó máa gbé owó ilé-ìwé, má yáwó wá. Èmi tí mo ní gíríìnì káàdì, bí mo bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí mo san gbèsè mi nígbà 120, wọ́n máa fi ìyókù jì mí. Ètò yẹn kò sí fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fi físà wọlé. Mo ti san 71.

Bàbá kan ti dé ẹnu ọ̀nà, Ìjẹ̀bú ni wọ́n, pẹ̀lú náílọ́ọ̀nù tí fọ́ọ̀mù wọn wà nínú ẹ̀. Sọ́ńdè kẹta rèé. Mo lè bá wọn tẹ̀ ẹ́ jáde, mi ò lè bá wọn kọ ọ́, iṣẹ́ wa kò fàyè gba ìyẹn. Mo ti ṣàlàyé, wọn ò gbà. Aago kan ti fẹ́ lù, ẹ jẹ́ n lọ ṣílẹ̀kùn.