Ilé tí igi ń gbé bí ayálégbé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Tí àlejò bá ń bọ̀ ní Ìlọrin, Pósí Ọ́fíìsì la máa júwe fún un, tàbí Geri Àlímì, tàbí mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà lójúde Ẹ́míà. Kò sẹ́ni tó máa ní kó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé táwọn èèyàn háyà. Ṣùgbọ́n ní Vienna, olú-ìlú Austria, ilé kan tó ń jẹ́ Hundertwasserhaus wà níbi tí títì Löwengasse àti Kegelgasse ti pàdé, tí àwọn àlejò ń wọ ọkọ̀ òfurufú torí kí wọ́n lè wá wò ó. Ilé àwọn ayálégbé lásán ni o. Ìjọba ìlú ló kọ́ ọ, òun náà ló sì ń gba owó ilé.

Ẹ wo ògiri rẹ̀. Búlúù rèé, pupa rèé, yẹ́lò àti funfun rèé. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ nìkan: ibi tí àwọ̀ kan bá parí sí ni ilé ẹnì kan parí sí, tí ti aládùúgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fèrèsé kan tóbi, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kéré. Àwọn òpó tí wọ́n fi àwo dídán aláràbarà bò yìí, ẹ rí i pé wọ́n wú láàárín bí aboyún. Igi sì ń yọ jáde lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti láti inú yàrá pàápàá. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ kò tẹ́jú: ó ga níbí, ó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, nítorí ẹni tó rò ó gbà pé ilẹ̀ inú igbó ni ẹsẹ̀ èèyàn mọ̀. Bíríkìlà tó bá ṣe irú ilẹ̀ yìí fún èèyàn ní Tanke, owó ló máa dá padà.

Friedensreich Hundertwasser lorúkọ ẹni tó ro ilé yìí. Ọmọ Vienna ni, 1928 ni wọ́n bí i. Ayàwòrán ni, àmọ́ kì í ṣe ayàwòrán ilé. Ó kórìíra ìlà gbọọrọ tí rúlà fà. Láti 1958 ló ti ń pariwo pé àwọn ilé onígun mẹ́rin tó jọra wọn ń ṣe èèyàn léṣe. Ní 1977, Bruno Kreisky, olórí ìjọba Austria nígbà náà, kọ̀wé sí Leopold Gratz tó jẹ́ olórí ìlú Vienna, pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin yìí kọ́ ohun tó ń sọ kí ayé rí i. Wọ́n gbà. Wọ́n fún un ní ayàwòrán ilé kan, Joseph Krawina, tí yóò máa bá a ṣiṣẹ́. Àfi bí Krawina ṣe gbé àwòṣe àkọ́kọ́ dé, tó jẹ́ ìlà gbọọrọ láti òkè délẹ̀! Hundertwasser kọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, Krawina fi iṣẹ́ sílẹ̀, Peter Pelikan sì bá wọn parí rẹ̀. 1983 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó parí ní 1985. Hundertwasser ò gba kọ́bọ̀. Ó ní tí òun bá ti lè dènà ilé burúkú kan kó má dìde níbẹ̀, ó tó òun.

Ọ̀rọ̀ Krawina dé ilé ẹjọ́. Ní 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Austria ní òun náà wà lára àwọn tó ni iṣẹ́ náà. Èmi gbà pẹ̀lú wọn. Àlá kì í dúró lórí ara rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣírò irin.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn. Ayálégbé ibẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti yọrí lójú fèrèsé, kó na ọwọ́ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, kó sì kun ògiri ìta ní àwọ̀ tó bá wù ú, títí dé ibi tí apá rẹ̀ bá gùn dé. Hundertwasser fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá lọ ní títì mọ̀ pé èèyàn ló ń gbé ibẹ̀. Níbí ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá kan ìṣó kan ṣoṣo láti fi gbé kàlẹ́ńdà kọ́, ẹjọ́ ti dé. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì ń kó jáde, ẹ máa kun gbogbo yàrá padà. Mo mọ̀ pé àwọn lánlọ́ọ̀dù tó ń wo fídíò yìí ti ń mirí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ igi. Ilé gbígbé tó lé ní 50 ló wà níbẹ̀, àti igi pẹ̀lú igi wẹ́wẹ́ bíi 250. Àwọn kan lára wọn ní àyè tiwọn nínú ilé, ẹ̀ka wọn ń gba ojú fèrèsé jáde. Hundertwasser ti kọ́kọ́ dán an wò ní Milan ní 1973. Ayálégbé ló pe àwọn igi wọ̀nyí. Ó ní wọ́n ń san owó ilé: ibòòji, atẹ́gùn tó mọ́, eruku tí ewé ń gbà dúró. Lójú rẹ̀, koríko ló ni ilẹ̀ kí ilé tó dé, nítorí náà ohun tẹ́ ẹ bá gbà nísàlẹ̀, ẹ dá a padà lórí òrùlé.

Ẹ má rò pé èèyàn kàn ń da yẹ̀pẹ̀ sórí dẹ́ẹ̀kì o. Òrùlé oníkoríko ní ìpele. Lókè dẹ́ẹ̀kì, wọ́n á tẹ́ ohun tí omi ò lè gbà kọjá, tí gbòǹgbò ò sì lè lu. Wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ lé e kí omi rọ́nà lọ sínú páìpù, aṣọ tí kò ní jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ dí ọ̀nà omi á tẹ̀lé e, kí yẹ̀pẹ̀ tó dé. Tí òjò bá rin yẹ̀pẹ̀ tó jìn tó ìdajì mítà, mítà kan níbùú àti lóròó péré lè wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan. Ẹ wá ṣírò gbogbo òrùlé.

Òkìkí ilé yìí kò rọrùn fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń fi kámẹ́rà wo fèrèsé wọn. Wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọlé, nítorí náà Hundertwasser sọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe táyà mọ́tò lódìkejì títì di ibi ìtajà àwọn àlejò, wọ́n ṣí i ní 1991. Àwọn ayàwòrán ilé kan sì ń bú u títí dòní pé ilé ọmọdé ni.

Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ ní Kwara? Ẹni tó bá ti sùn lábẹ́ páànù ní Ìlọrin nínú oṣù kẹta máa fẹ́ koríko lórí òrùlé, nítorí yẹ̀pẹ̀ tútù àti ewé kì í jẹ́ kí ooru tètè dé àjà. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ ní Vienna jálẹ̀ ọdún. Tiwa ń dáwọ́ dúró fún oṣù mélòó kan, ta ló fẹ́ máa ra omi mẹ́rùwà fún koríko? Èmi ò ní ṣe é. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fọwọ́ rẹ́ ní Òkèlélé, tí ògiri rẹ̀ nípọn, tí rúlà ò dé ibẹ̀ rí, ti ń fún wa ní ìtutù tipẹ́. Àwa la ń wó wọn láti fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò. Igi máńgòrò tó sì wà lórí ilẹ̀ tẹ́ ẹ rà, ẹ lè ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ta okùn ìpìlẹ̀, kẹ́ ẹ fi àlàfo tó pọ̀ sáàárín òun àti ògiri.

Ti ẹ̀tọ́ ojú fèrèsé yẹn ní tirẹ̀ kò gba omi, kò gba ẹnjiníà. Gbólóhùn kan ni nínú ìwé àdéhùn ilé. Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù, ṣé ẹ máa gbà á? Ẹ kọ èsì yín sísàlẹ̀ fídíò yìí, kí àwọn ayálégbé yín lè rí i kà.