Pákó Ojú Irin Tó Ń Fọhùn Àwọn Àgbà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará wa ní Àbújá. Pákó kan la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. A ya ojú irin Èkó sí Kánò sójú rẹ̀, a sì fi bọ́tìnnì mẹ́jọ sí i: Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Jẹ́bà, Mínà, Kàdúná, Kánò. Ẹ tẹ Jẹ́bà, ẹ ó gbọ́ ohùn àgbà tó ń sọ bí Odò Ọya ṣe rí láti ojú fèrèsé rélùwéè. Ọ̀nà yẹn ló gbé ọ̀pọ̀ Yorùbá dé Òkè Ọya.

Ohùn ló ṣòroó rí gbà jù. Bí ẹ bá ní "Bàbá, ẹ sọ ìtàn ayé yín fún wa", wọn á dákẹ́, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Nǹkan ni kí ẹ gbé lé wọn lọ́wọ́. Ẹ fún wọn ní kọ́bọ̀ onihò ayé ṣílè: àtàǹpàkò á kọ́kọ́ wá ihò náà kí ẹnu tó là, lẹ́yìn náà ni ẹ ó gbọ́ ohun tí wọ́n fi rà, ẹni tó rán wọn, bó ṣe sọnù lọ́nà. Tí ọdún bá dàrú, ẹ bi wọ́n bóyá kí mọ́tò tó kúrò lápá òsì ni (oṣù kẹrin 1972), àbí ìgbà tí náírà ti dé (oṣù kìn-ín-ní 1973). Tí wọ́n bá ṣì í síbẹ̀, ẹ má bá wọn jiyàn.

Fóònù tó láti gba ohùn. Ẹ gbé e lé aṣọ tí ẹ ká po, ẹ pa fáànù, ẹ sì yọ ọ́ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ìpè má baà já ọ̀rọ̀. Wákàtí kan ní WAV (fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀), tó bá jẹ́ mono, 44.1 kHz, bíìtì 16, kò ju nǹkan bíi MB 320 lọ. Ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ síbi méjì. Fún bọ́tìnnì, ẹ gé ìṣẹ́jú àáyá 40, ọ̀rọ̀ kan péré, kí ẹ sì sọ ọ́ di MP3. Kí àgbà gbọ́ ọ kí ayé tó gbọ́. Èyí tí wọ́n bá ní ká yọ, yíyọ ni.

Inú pákó gba Arduino Nano (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń mọ bọ́tìnnì tí a tẹ̀), DFPlayer Mini (ẹ̀rọ tó ń ka fáìlì ohùn láti orí káàdì), súpíkà 3W, àti káàdì mẹ́mọ́rì tí a fọ́máàtì sí FAT32, tí kò ju GB 32 lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: ẹ tẹ Ìlọrin, Kánò fọhùn. Tí ẹ bá fi ipò pe fáìlì, bí ẹ ṣe dà wọ́n sórí káàdì ni ẹ̀rọ náà ń tẹ̀lé, kò wo orúkọ. Ẹ ṣí fódà tó ń jẹ́ mp3, ẹ sọ wọ́n ní 0001.mp3 dé 0008.mp3, kí ẹ sì máa pè wọ́n láti inú fódà yẹn. Tí súpíkà bá ń kùn, résísítọ̀ 1kΩ lórí wáyà RX (èyí tí DFPlayer fi ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ Arduino) sábà máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé páwà báǹkì: iná tí pákó yìí ń fà kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn á rò pé kò sí nǹkan kan lẹ́nu àwọn, wọn á sì kú fúnra wọn.

Dípò bọ́tìnnì, àwọn kan fẹ́ràn bébà bàbà tí èèyàn kàn máa fọwọ́ kàn. Ó lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ nígbà ọyẹ́ ìka àgbà á gbẹ táútáú, bàbà sì lè má mọ̀ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun. Bọ́tìnnì ńlá 60 mm, tó ń ró "kẹ́" lábẹ́ ọwọ́, ló dára jù.

Kí fóònù wà nítòsí ṣá o, torí àgbà tó bá gbọ́ ohùn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀!" Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì gbé pákó kọ́ ògiri. Orí tábìlì ni kó wà, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75 sílẹ̀, kí ẹni tó jókòó lórí àga lè na ọwọ́ dé Kánò.